Èdè Yorùbá Kò Tòṣì Nídìí Àwo Ẹran

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè pàápàá: pé ọ̀rọ̀ inú èdè Yorùbá kò tó láti fi sọ nǹkan òde òní. Oúnjẹ ni àwọn kan fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n á ní: "Wọ ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń sun ẹran màlúù, kí o fi Yorùbá sọ bí o ṣe fẹ́ kí wọ́n sun tìrẹ. Kí ni wàá pe *bleu*? Kí ni wàá pe *saignant*?" Àpẹẹrẹ náà dára. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, òdìkejì ohun tí wọ́n ń sọ ni ó fi hàn.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí New York ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́. Ọdún 1885 ni wọ́n dá Keens sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkòkò tábà alámọ̀ tí àwọn oníbàárà àtijọ́ fi ń mu tábà ṣì wà lórí àjà rẹ̀. Ọdún 1887 ni wọ́n dá Peter Luger sílẹ̀ ní Brooklyn. Ẹran tí wọ́n ń pè ní *porterhouse* ni ó gbé orúkọ rẹ̀ ga. Eegun tó dà bíi lẹ́tà T wà láàárín rẹ̀, ẹran ẹ̀yìn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, *filet* tó rọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí wọ́n tó sun ún, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá tútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Omi ara rẹ̀ á máa fà, èròjà inú ẹran náà fúnra rẹ̀ á máa tú iṣan rẹ̀, títí yóò fi rọ̀, tí adùn rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Wọ́n á wá gé èèpo rẹ̀ tó ti gbẹ dànù, wọ́n á sun ún lábẹ́ iná tó gbóná janjan, wọ́n á gé e, wọ́n á gbé e wá. Oníbàárà tó mọ ibẹ̀ kì í wo ìwé oúnjẹ. Á ní, "Sítéèkì ẹni méjì." Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ibo ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ báyẹn ti wá? Iṣẹ́ ló bí i. Ẹni tó ń gé ẹran ẹ̀yìn màlúù lójoojúmọ́ kò lè ṣe kó má fún apá kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Kì í ṣe pé Òyìnbó ní ọgbọ́n tí a kò ní.

Àyálò sì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun England ní 1066 ni èdè Gẹ̀ẹ́sì yá *beef* lọ́wọ́ èdè Faransé. Ọwọ́ èdè àwọn ará Skandinéfíà àtijọ́ ni ó ti rí *steak*. Wọ́n so méjèèjì pọ̀ di *beefsteak*, ni Faransé bá padà wá yá a, ó sọ ọ́ di *bifteck*. Faransé ra ọjà ara rẹ̀ padà, kò sì sí ẹni tó pe Faransé ní òtòṣì. Kí ló dé tó jẹ́ pé bí Yorùbá bá yá ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀gàn ni?

*Saignant* pàápàá, ohun tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ omi pupa inú àwo yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti dà nù nígbà tí wọ́n pa màlúù náà. Myoglobin, èròjà tí ń pa atẹ́gùn mọ́ sínú iṣan, ni ó fún un ní àwọ̀. Àwa lè sọ ọ́ kó yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún *bleu*: kí iná kàn fẹnu bà á. Fún *saignant*: kí inú rẹ̀ ṣì pupa. Fún *bien cuit*: kí ó jinná dénú. Ta ni kò ní gbọ́?

Ní tiwa, à ń se ọbẹ̀, à ń bọ ẹran, à ń sun iṣu, à ń yan ẹ̀pà, à ń dín àkàrà. Ní ìsọ̀ alápatà, ṣàkì yàtọ̀ sí abọ́dì, abọ́dì yàtọ̀ sí fùkù, bọ̀kọ̀tọ̀ àti pọ̀nmọ́ sì ní olówó tiwọn. Ohun tí wọn kì í kà sí níbẹ̀, àwa mọ orúkọ rẹ̀, a sì mọ bí a ṣe ń sè é.

Àwọn kan á ní òfin ilé àtijọ́ ni òfin, àti pé ẹni tó bá ní kí ẹran òun jinná dénú, ará oko ni. Rárá o. Ìtàn tí Keens fúnra rẹ̀ ń sọ ni pé ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀, títí Lillie Langtry, òṣèré obìnrin, fi pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1905, tó sì jàre. Ìkòkò tábà wọn kò torí ìyẹn fọ́. Bí obìnrin bá lè wọlé kí ilé má wó, ẹni tó fẹ́ ẹran tó jinná náà lè jókòó, kó sì sọ ọ́ láìtijú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀ sí àìtó ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lè sọnù kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí alápatà Kétu, ti Ṣábẹ̀ẹ́ àti ti Àjàṣẹ́ ṣe ń kun màlúù, àti orúkọ tí ẹ̀ka-èdè kọ̀ọ̀kan ń pe apá kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ *mémoire* gidi ni. Kò gba ju ìwé, gègé àti ìkíni òwúrọ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó kọ ọ́ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ẹran, kó kọ́kọ́ lọ kí bàbá alápatà ní ìsọ̀ wọn, kó sì bi wọ́n léèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.