Kámẹ́rà Ràgàjì Kọ́ Ló Ń Ya Erin

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: kámẹ́rà ràgàjì kọ́ ló ń ya fọ́tò ẹranko! Nígbà tí mo fẹ́ lọ wo erin ní Yankari, ní ìpínlẹ̀ Bauchi, oníṣọ́ọ̀bù kan fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní lẹ́ǹsì mi, ti ọmọdé ni. Mo bá yáwó, mo ra àlòkù lẹ́ǹsì 400mm tó wúwo ju kílò 3 lọ. Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Erin yọ, apá mi ń gbọ̀n. Kí n tó gbé e sójú, erin ti wọgbó. Gbèsè nìkan ló kù!

Arìnrìn-àjò tí yóò fọwọ́ lásán gbé kámẹ́rà, èyí tí apá rẹ̀ ká ni kó rà. Lẹ́ǹsì 100-400mm wà tí kò tó kílò kan ààbọ̀, tó sì ní ohun tí ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù. Bí ẹ bá nà án dé 400, ẹ jẹ́ kó ṣẹ́jú láàárín ìdá kan nínú 400 ìṣẹ́jú àáyá, ó pẹ́ tán. Bí ẹranko bá ń sáré, ìdá kan nínú 1000 ni, torí ohun tí ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù kò lè dá ẹsẹ̀ ẹranko dúró.

Wọ́n á ní lẹ́ǹsì ńlá ń gba ìmọ́lẹ̀ jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì nítorí ìwúwo, fọ́tò wo ló fẹ́ yà? Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ yé tàn wá: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́!