Àwọ̀ Ara Kì Í Ṣe Àrùn

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ní ọdún 2020, nǹkan bí 31 ni a fi iṣẹ́ abẹ ṣe. Ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó 36. Ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀ lè wí pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò rẹ̀, àwọn abiyamọ dúdú tí ó kàn ju ọ̀kẹ́ kan lọ ní ọdún kan ṣoṣo. Àwọn ọmọbìnrin tiwa tí ó ti Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú lọ tẹ̀dó síbẹ̀ wà nínú wọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ará òkèèrè nìkan.

Àwáwí tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ara obìnrin dúdú ni ó fà á. Ẹ jẹ́ kí á wo ìpínlẹ̀ New Jersey. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé yẹ àkọsílẹ̀ ìbímọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan wò níbẹ̀, láti ọdún 2008 dé 2017. Wọ́n fi abiyamọ dúdú wé funfun tí ìlera wọn rí bákan náà, ní ilé ìwòsàn kan náà, lọ́wọ́ dókítà kan náà. Síbẹ̀ àwọn dúdú ni a ń fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ abẹ mìíràn tí a ti dá ọjọ́ fún bá ń lọ lọ́wọ́, ìyàtọ̀ náà a pòórá! Ǹjẹ́ ara obìnrin mọ ìgbà tí yàrá iṣẹ́ abẹ ṣófo bí? Ọwọ́ ẹni tí ó ń pinnu ni ọ̀ràn náà wà, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ abiyamọ.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Láti ọdún 2007 ni àwọn dókítà ibẹ̀ ti ń lo ìṣirò kan láti mọ̀ bóyá obìnrin tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí yóò lè fúnra rẹ̀ bí ọmọ tí ó tẹ̀ lé e. Bí a bá ti kọ ọ́ sí i pé dúdú ni obìnrin náà, ìrètí rẹ̀ a rẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọdún 2021 ni a tó yọ àwọ̀ ara kúrò nínú ìṣirò náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò bá iṣẹ́ abẹ jà. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018 fi hàn pé ìbímọ 3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni a fi iṣẹ́ abẹ ṣe, ọ̀pọ̀ ìyá sì ń kú ní abúlé nítorí pé ọ̀bẹ tí ìbá gbà wọ́n là kò sí nítòsí. Ẹni tí ìlera rẹ̀ bá béèrè fún ọ̀bẹ ni kí a fún. Kí a má ṣe fi àwọ̀ pín in.

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn dókítà nìkan kò lè dá ara wọn lẹ́jọ́. Kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan máa tẹ iye iṣẹ́ abẹ rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé rí, ti dúdú lọ́tọ̀, ti funfun lọ́tọ̀. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lọ́hùn-ún, ẹ kìlọ̀ fún un: bí kò bá jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì, kí ó béèrè ìdí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ náà lọ dókítà kejì. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kì í ṣe àrífín. Ikùn abiyamọ kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olówó.