Wọ́n Pe Igò Padà, Ta Ló Máa Pe Aláìsàn?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ìkéde orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ni pípe ọjà padà. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ṣe igò tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ sí, tí igò náà ò dáa, tí ìjọba sì ní kí wọ́n kó o kúrò nílẹ̀, iṣẹ́ ò tíì parí. Ó ku ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú igò yẹn, tí wọ́n sì ti fún ní èsì. Ta ló máa wá a rí?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní May 2017, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn níbẹ̀, kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ẹ̀rọ LeadCare tí ilé iṣẹ́ Magellan Diagnostics ń ṣe yẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà látinú iṣan wò mọ́. Iye òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń wò. Òjé kì í ṣe ohun eré, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ̀rọ yìí sì lè sọ pé òjé kéré lára ọmọ tí òjé ti pọ̀ lára rẹ̀.

Kí ló fà á? Ìwádìí fi hàn pé ìdérí igò wà lára ohun tó fà á. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ thiuram wà nínú rọ́bà tí ilé iṣẹ́ BD fi dé àwọn igò Vacutainer kan. Ó ń tú gáàsì sílẹ̀, gáàsì náà ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ó ń so mọ́ òjé, ẹ̀rọ ò sì ní rí gbogbo òjé náà kà. Ní 2018, FDA fi pípe àwọn igò náà padà sí Class I, ìpele tó le jù lọ. Rọ́bà lásán o!

Èyí tó burú jù ni pé láti 2013 ni Magellan ti mọ̀ pé LeadCare Ultra lè gbé èsì tó kéré ju òótọ́ lọ jáde, ó sì tà á bẹ́ẹ̀. Ní 2024, ó gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì gbà láti san mílíọ̀nù 42 dọ́là. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú síta, CDC ní kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà yẹ ẹ̀jẹ̀ iṣan wọn wò, tí èsì wọn ò sì tó 10. Ẹ kíyè sí i: irú àṣẹ yìí ò ṣeé tẹ̀ lé níbi tí kò bá ti sí àkọsílẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Òjé kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 2010, ní Zamfara, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá wúrà pa ọmọdé tó tó 400, ó kéré tán. NAFDAC náà ń gbé ìkìlọ̀ jáde, a ò jiyàn. Àmọ́ ẹ lọ sí láàbù àdúgbò yín, kí ẹ bèèrè batch number igò tí wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ yín lóṣù tó kọjá. Wọ́n á wò yín bíi pé orí yín ti dàrú. Ẹ̀bi nọ́ọ̀sì kọ́. Kò sí àyè tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, yálà nínú ìwé ni o, tàbí nínú kọ̀ǹpútà.

Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà ò gbọ́dọ̀ gba èyí láyè. Bí bug bá wọ áàpù báńkì, log á sọ ẹni tó kàn àti aago tó kàn án. A lè fi update ránṣẹ́ lóru, kí fóònù ti dáa kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ò ní update. Wọ́n ti fà á, wọ́n ti dà á nù. Àkọsílẹ̀ nìkan ló kù.

Àwọn kan á ní, “Iná ò sí, ìbọ̀wọ́ ò tó, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nọ́ńbà.” A gbọ́. Ṣùgbọ́n bírò àti ìwé ò nílò jẹnẹrétọ̀. Ilé ìwòsàn tó lè kọ gbèsè aláìsàn sílẹ̀ títí dé kọ́bọ̀, ó lè kọ nọ́ńbà igò sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Láti 2010 la ti ń ha páálí oògùn, tí à ń fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù láti mọ ojúlówó. Tá a bá lè ṣe ìyẹn, kí ló ṣòro níbí?

Ohun tá à ń béèrè ò pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe sọ́fítíwíà ilé ìwòsàn, ẹ fi àyè batch number sí i, kó má ṣeé fò. Ẹ̀yin NAFDAC, ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ dé orí fóònù láàbù kọ̀ọ̀kan, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá a wá. Ìwọ tó ń ka èyí, nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, béèrè nọ́ńbà igò náà, kí o sì yà á ní fọ́tò. Igò tí ẹnì kan ò kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, bí wọ́n tiẹ̀ pè é padà, ìpè náà ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ.