Ẹni Tó Di Ẹrù Ni Kó Gbé E

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìrìn-àjò wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀: Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Òṣogbo. Ìlú mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́dún tó kọjá, mo kó bàtà mẹ́rin, aṣọ mẹ́jọ àti áyọ́ọ̀nù dání. Áyọ́ọ̀nù yẹn ò jáde nínú àpò títí tá a fi padà délé. Ta ló ń bá mi gbé ẹrù ọ̀hún? Ọmọ JSS 1 kan ni. Nígbà tá à ń wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òun ń ṣọ́ àpò mi nínú bọ́ọ̀sì. Ìyẹn ò dáa rárá.

Èrò mi ni pé kí kálukú gbé àpò ẹ̀yìn kan ṣoṣo, èyí tó lè fúnra rẹ̀ gbé gun àtẹ̀gùn Òkè Olúmọ. Yúnífọ́ọ̀mù, aṣọ méjì, aṣọ àwọ̀sùn, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó. Ká fọ èyí tó bá dọ̀tí lálẹ́.

Àwọn kan á ní, “Fọ́tò wá ńkọ́?” Ṣé aṣọ la fẹ́ lọ wò ni, àbí ìlú?

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní SS 3, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹrù yín bá wúwo, ẹ dín in kù. Ẹ má gbé e ru àbúrò yín. Òun náà sanwó ìrìn-àjò.