Ẹni tó máa gbọ́ wa ní èdè wa

Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, a ti sọ ti títì, a ti sọ ti omi. Lọ́tẹ̀ yìí, ti àwọn èèyàn wa tí ara wọn dá ṣáṣá ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ la fẹ́ sọ.

Ẹ mọ̀ wọ́n. Ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ìbátan ní Kòtònú, tí wọ́n ní yóò lọ ilé-ìwé, tó jẹ́ pé igbá ọjà ló ń rù láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n lù ú, ebi pa á. Ó padà dé Manigri, kò bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́, a ní agídí ló ń ṣe. Ọ̀dọ́ tó lọ ro oko ọdún kan ní Nàìjíríà nítorí alùpùpù tí wọ́n ṣèlérí, tó fọwọ́ lásán padà, tí kì í sùn lóru mọ́. A ní ọ̀lẹ ni. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi fún ọkọ tí kò fẹ́. Tirẹ̀ ni a kì í tilẹ̀ sọ rárá.

Òfin wà. Òfin ọmọdé ti ilẹ̀ wa, nọ́mbà 2015-08, ti jáde láti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015. Ó dáa. Òfin lè gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú, ṣùgbọ́n kò lè jókòó tì í nígbà tó bá ń kígbe lójú oorun. Iṣẹ́ èèyàn nìyẹn, iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ni.

Níbo làwọn tó kọ́ ọ wà? Ilé-ìwòsàn ńlá tí ìjọba ní fún àìsàn ọpọlọ, Kòtònú ló wà, ó ju 300 kìlómítà lọ sí Bassila. Ẹni tó bá tilẹ̀ rówó ọkọ̀ débẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Faransé tàbí Fọ̀n ni wọn yóò fi bi í léèrè. Báwo lèèyàn ṣe ń túmọ̀ “ọkàn mi kò balẹ̀”, “àyà mi ń já”, “orí mi ti gbóná jù”? Àwa tí a fi Faransé ṣiṣẹ́ ọba títí a fi fẹ̀yìn tì, a mọ bí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ṣe ń sọnù láàárín ẹnu ògbufọ̀ àti bébà. Èyí tó tún burú jù, ará ilé ni ògbufọ̀ ọ̀hún sábà máa ń jẹ́. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fìyà jẹ, ṣé ẹ̀gbọ́n bàbá náà ni yóò túmọ̀ ẹjọ́ rẹ̀ fún dókítà?

Àwọn kan á ní oníṣègùn ń bẹ, ilé àdúrà ń bẹ. A kò bá wọn jà. Dókítà Lambo náà bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni a kò fara mọ́. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń tún táyà ọkọ̀ ṣe ní Bouaké, kì í ṣe dókítà, òun ló dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀, tó ń tú àwọn tí wọ́n dè mọ́gi sílẹ̀. Wọ́n ní ilé ìtọ́jú ní Djougou nítòsí wa níbí, àwọn mìíràn tí ara wọn yá lọ́dọ̀ wọn sì ti di olùtọ́jú fún ẹlòmíì.

Èyí tó wọ̀ wá lójú jù ni ti Zimbabwe. Dókítà Dixon Chibanda pàdánù aláìsàn kan, ọmọbìnrin tó pa ara rẹ̀, tí kò rówó ọkọ̀ padà wá rí i. Ní 2006, ó kọ́ ìyá àgbà 14 ní Harare bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ìrònú ń pa. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síta ilé-ìwòsàn, wọ́n ń fi èdè Shona bá èèyàn sọ̀rọ̀. Wọn kì í wàásù, wọn kì í dájọ́. Wọ́n á máa bi í léèrè títí òun fúnra rẹ̀ á fi mú ìṣòro kan, wọ́n á wá jọ wá ọ̀nà rẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2016, lórí èèyàn 573, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yá ju ti àwọn yòókù lọ.

Ṣé àwa kò ní ìyá àgbà ni?

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ mairie wa nìyí: kí wọ́n ya owó sọ́tọ̀, kí wọ́n mú èèyàn láti Alédjo, Bassila, Manigri àti Pénéssoulou, àwọn tó gbọ́ Nàgó, Anii, Kotokoli àti Fúlàní. Kí nọ́ọ̀sì àti psychologue kọ́ wọn, kí wọ́n sì máa padà wá yẹ iṣẹ́ wọn wò. Èyí tó bá ju agbára wọn lọ, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ oṣù mélòó kan kò sọ èèyàn di dókítà, a mọ̀.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí owó ìjókòó kó ọmọ yín síbẹ̀. A ti rí i rí. Ẹni tí a ń wá ni ẹni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ní Manigri lónìí, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì ní dé ọjà Bassila lọ́la. Ìlú wa kéré. Bí àṣírí ẹnìkan ṣoṣo bá tú, kò sẹ́ni tó máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn mọ́. Ẹni tó bá tú u, kó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba.

Ní ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ipò kìíní. Ẹ má fi sínú “divers”, tí a máa ń kàn nígbà tí àwọn èèyàn ti ń wá bàtà wọn.