Ilé Ìsinmi ní Erékùṣù, Ilé Títì Pa ní Òkukù

Ìpolówó ilé ìsinmi etí òkun ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn olówó wa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí tiwọn ní Ìlàṣẹ, létí òkun Èkó. Àwọn tí ọwọ́ wọn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ń wo erékùṣù Grenada àti St. Kitts, níbi tí ríra ilé tí ìjọba fọwọ́ sí ti lè sọ àlejò di ọmọ onílùú. Láti 1984 ni St. Kitts ti ń ta irú àǹfààní yìí.

A kò bínú olówó o. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ kó sinmi. Àwọn àgbà ló kúkú ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ìbéèrè tiwa ni pé: ibi tí ènìyàn ń sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré lọ́dún, ṣé ilé ni? Ní Òkukù, bí wọ́n bá bi ọ́ pé ọmọ ilé wo ni ọ́, wọn kò béèrè bíríkì àti páànù. Àwọn ènìyàn rẹ àti oríkì rẹ ni wọ́n ń béèrè. Karin Barber gbé ìlú náà, ó rí i bẹ́ẹ̀, ìwé rẹ̀ lórí oríkì Òkukù sì jáde ní 1991.

Yàtọ̀ sí èyí, òkun kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ẹ wo Ayétòrò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó fi olówó erékùṣù ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ ká wo ilé tiwa. Ní Òkukù, Ìkìrun àti Inísà, àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí àgádágodo kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ọdún iléyá, Kérésìmesì tàbí ìsìnkú àgbà ló ń gbé onílé wá. Kí ni wọ́n fi yàtọ̀ sí ilé erékùṣù? Bẹ́ẹ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Òkukù, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá yàrá kiri.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde: kí ẹ tó sanwó ilé òkèèrè, ẹ ṣí èyí tó wà nílé. Ẹ gba akẹ́kọ̀ọ́ bí ayálégbé ní iye tí apá wọn ká. Owó náà á tún òrùlé ṣe, ẹnìkan á sì máa gbá àgbàlá. Ilé tí ènìyàn kò gbé, aláǹgbá àti eku ní í jogún rẹ̀.