Ẹ Má Tíì Bá Aládùúgbò Jà: Kì í Ṣe Májèlé Ló Ń Pa Gbogbo Ajá

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá o, torí ọ̀rọ̀ náà ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn tó jọ ń gbé.

Télọ̀ kan ní Gáà Akanbí, nílùú Ìlọrin wa níbí, ló kọ lẹ́tà sí wa. Ó ní òun ra ọmọ ajá kan tí yóò máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù òun lóru. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó dé tó fi kọ oúnjẹ, tó bẹ̀rẹ̀ sí bì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló ń yà, òórùn rẹ̀ ò sì ṣeé dúró tì. Lọ́jọ́ kẹta, ajá kú. Bàbá télọ̀ ní aládùúgbò òun kan ti ń kùn tẹ́lẹ̀ pé gbígbó ajá náà kì í jẹ́ kí òun sùn, nítorí náà òun mọ ẹni tó fún un ní ọtapíapíá jẹ. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Ó wá ní ká bá òun gbé orúkọ ọkùnrin náà síta.

A ò ní gbé e síta o. Kí ẹ tó bínú sí wa, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná.

Ohun tí bàbá yìí ṣàlàyé jọ iṣẹ́ àrùn kan tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní pávò. Fáírọ́ọ̀sì ni, ojú lásán ò lè rí i. Ìfun ajá ló máa ń kọlù. Á bó inú ìfun bí ẹni ń bó èèpo iṣu, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà. Á tún pa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbèjà ajá náà. Àwọn ọmọ ajá láti ọ̀sẹ̀ 6 sí oṣù 6 ló ń dà láàmú jù. Tí wọn ò bá rí ìtọ́jú, nínú 10, bíi 9 ló lè kú.

Àwọn bàbá ńlá wa ò mọ àrùn yìí. Ọdún 1978 ni ayé tó mọ̀ ọ́n, nígbà tí ajá bẹ̀rẹ̀ sí kú lọ rẹpẹtẹ ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù àti ní Ọsirélíà. Láàrin ọdún 2 péré, ó ti yí ayé ká. Ìbátan àrùn kan tó ti ń pa ológbò tipẹ́ ni. Ní Nàìjíríà, àwọn dókítà ẹran ti ń kọ nípa rẹ̀ láti bí ọdún 1985.

Èyí tó wá le níbẹ̀ ni pé kì í dúró sójú kan. Ẹ̀yin tó ń ta ańkárá ní Ọjà Ọba, á tètè yé yín. Oníṣẹ́ á mú aṣọ tó ń tà dáadáa, á yí òdòdó kan ṣoṣo padà, á ní tuntun dé. Bẹ́ẹ̀ ni pávò ń ṣe. Ti 1978 ò tíì pẹ́ tí èyí tí wọ́n ń pè ní 2a fi gba ipò rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1980. Nígbà tó di 1984, 2b yọjú. Lọ́dún 2000, wọ́n rí 2c ní Ítálì. Gbogbo wọn, ọmọ ìyá kan náà ni. Aṣọ ni wọ́n pa dà.

Àwọn onímọ̀ tó yẹ ìgbẹ́ ajá wò ní Nàìjíríà ti rí 2a, wọ́n ti rí 2b. Èyí tí wọ́n gbà lọ́dún 2018 sì fi hàn pé 2c náà ti wà láàrin wa. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ti 2018 yẹn jọ èyí tó wà lára ajá ní ilẹ̀ Éṣíà. Ṣé ẹ rí i? Àrùn tó ré òkun kọjá, ọgbà ta ló fẹ́ dá a dúró?

Inú ìgbẹ́ ajá tó ń ṣàìsàn ló ń gbà jáde. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà yín lè gbé e wálé. Táyà ọ̀kadà lè gbé e. Ọwọ́ ẹni tó ń ta ajá àti àgò tó ń kó wọn sí lè gbé e. Ajá tí kò jáde nílé rí náà lè kó o. Ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kódà fún ọdún kan. Nítorí náà, tí ajá kan bá kú lágbàlá yín, tí ẹ sáré ra òmíràn sí ojú ibẹ̀, tí òun náà tún kú, ẹ má sọ pé ọ̀tá yín tún ti dé o. Ilẹ̀ ni kí ẹ bi léèrè.

Ṣé mò ń sọ pé kò sẹ́ni tó ń fún ajá ní májèlé ni? Rárá o, ó ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ọtapíapíá kì í pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́: láàrin wákàtí díẹ̀, ajá á máa gbọ̀n, itọ́ á máa hó lẹ́nu rẹ̀, àgbà ajá ni o, ọmọ ajá ni o. Pávò ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ sá pamọ́ sára fún ọjọ́ 3 sí ọ̀sẹ̀ kan kó tó fara hàn. Síbẹ̀, ojú lásán ò lè dá ẹjọ́ yìí. Dókítà ẹran tó bá yẹ ìgbẹ́ ajá wò ló lè sọ.

Bàbá télọ̀, ẹ̀yin ni bàbá, èmi ni ọmọ, ẹ má bínú sí mi. Ajá tó ti kú ò ní jí mọ́. Ṣùgbọ́n tí olè bá ń já ṣọ́ọ̀bù yín lóru, aládùúgbò yẹn ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kí i.

Tí ajá bá ń bì tó sì ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́fun o! Ajá tó ń bì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má lọ Flagyl fún un fúnra yín. Omi ló ń tán lára rẹ̀, omi náà ni dókítà á fà sí i lára, kíákíá. Ní Ìlọrin níbí, Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn dókítà ẹran, wọ́n sì ní ilé ìwòsàn ẹran tiwọn. Ọ̀pọ̀ ajá tó tètè rí ìtọ́jú ló ń yè é.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló dáa jù. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n á máa tún un gún ní bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 títí ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16, wọ́n á tún gún un lẹ́yìn ọdún kan. Kí ló dé tí ẹ̀ẹ̀kan ò tó? Ààbò tí ọmọ ajá mu lọ́mú ìyá rẹ̀ ló lè pa agbára abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ má bẹ̀rù aṣọ tí pávò ń pa dà o. Abẹ́rẹ́ náà ṣì ń gbèjà ajá lọ́wọ́ 2a, 2b àti 2c. Àmọ́ inú òtútù ni wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀ sí. Ẹni tó bá yọ abẹ́rẹ́ látinú àpò ṣòkòtò, ẹ sá fún un.

Ibi tí ajá kú sí ńkọ́? Ọṣẹ lásán ò ràn án. Ẹ kó ìdọ̀tí kúrò, ẹ fọ ilẹ̀, kí ẹ wá da Jik sí i: ife 1 sí ife omi 20. Ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣàn án.

Pávò ajá kì í mú èèyàn, ẹ fọkàn balẹ̀. Dìgbòlugi ló ń pa èèyàn, abẹ́rẹ́ tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí ajá yín gba méjèèjì. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra ọmọ ajá, ẹ bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí kò bá ní káàdì, ẹ fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.